Egbòogi Inú Ilé ní Ilẹ̀ Okun: Bí A Ṣe Ń Já Ewé, Bí A Ṣe Ń Sè É àti Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìkòkò amọ̀ dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi se ọbẹ̀. Àgbo nìkan ni ìyá àgbà máa ń sè nínú rẹ̀, bí a bá sì bi wọ́n ní iye ewé tó yẹ kí a kó sí i, ìdáhùn wọn kò ju "ó ti tó" lọ. Ọwọ́ wọn mọ ohun tí ẹnu wọn kò sọ. Ìṣòro wa lónìí ni pé àwa tí a jogún ìkòkò kò jogún ọwọ́ yẹn: a ń ju ewé mẹ́fà méje sínú omi tí a kò wọ̀n, a ń sè é títí yóò fi dúdú kirimu, a sì ń mu ún fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, kí a tó wá sọ pé ewé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti kọ òdiwọ̀n àti ọ̀nà tí ọwọ́ àwọn àgbà mọ̀ sílẹ̀, fún ìdílé tó ń gbé ní ilẹ̀ Okun, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi, láti Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú títí dé Kábà, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, tó fi jẹ́ pé igi orógbó àti igi emi, tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, kò jìnnà sí ara wọn.

Kí ẹ tó já ewé

Ẹ rí i dájú pé ẹ mọ ewé tí ẹ fẹ́ já. Láàárín Yàgbà, Owé, Ìjùmú àti Bùnú, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀yà Okun, orúkọ kan ṣoṣo lè jẹ́ ti ewé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ewé kan sì lè ní orúkọ mẹ́ta, nítorí náà orúkọ nìkan kò tó. Ẹ wo bí ewé náà ṣe rí, ẹ fi ìka ra á, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì fi han ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́. Èyí tí ojú àti imú yín kò bá dá mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ lórí igi rẹ̀.

Ibi tí ewé ti hù ṣe pàtàkì bí ewé náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oko àgbàdo àti oko kaṣú ni a ń fín oògùn apagbó sí nísinsìnyí, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e dé orí ewúro tó wà létí oko. Ewé tí oògùn bà lánàá lè ṣì máa tutù yọ̀yọ̀ lónìí, síbẹ̀ májèlé ti wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe já ewé létí oko tí ẹ kò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n fín in kẹ́yìn. Ẹ má ṣe já èyí tó wà létí títì tó lọ láti Kábà sí Lọ́kọ́jà, nítorí èéfín àti eruku ọkọ̀ tó ń kọjá tọ̀sán-tòru ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bákan náà, ẹ jìnnà sí ewé àti omi ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wa wúrà ní ìhà Yàgbà, nítorí pé mẹ́kúrì tí àwọn awakùsà máa ń fi yọ wúrà a máa wọ ilẹ̀ àti odò, sísè kò sì lè lé e kúrò. Ó sàn jù lọ kí ẹ gbin èyí tí ẹ ń lò nígbà gbogbo sí ẹ̀yìnkùlé: efinrin, ewúro, atalẹ̀, àti koríko ọba tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé tíì.

Bí ó bá jẹ́ èèpo igi ni ẹ nílò, ẹ gé e ní ẹ̀gbẹ́ kan, ní tẹ́ẹ́rẹ́, láti òkè sísàlẹ̀. Igi tí a bá bó èèpo rẹ̀ yí po yóò kú ni, ọmọ yín kò sì ní bá a níbẹ̀.

Rírẹ, sísè àti gbígbo

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba egbòogi jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ewé olóòórùn kì í ṣe ohun tí à ń sè. Efinrin, koríko ọba àti àwọn ewé mìíràn tí òórùn wọn máa ń gba inú ilé kan ní kété tí a bá fọwọ́ ra wọ́n ní epo fífúyẹ́ kan nínú, epo yìí gan-an la sì ń wá. Bí a bá sè wọ́n nínú ìkòkò tí a kò dé, epo náà yóò bá oru lọ. Àwa tí a wà nídìí ààrò yóò ti fi imú gba oògùn tán, omi lásán ni yóò sì kù fún aláìsàn. Ṣe ni a máa ń da omi gbígbóná lé irú ewé bẹ́ẹ̀, tí a ó sì dé e pa fún ìṣẹ́jú 10.

Ọ̀rọ̀ èèpo igi, gbòǹgbò àti èso líle bí èèrù yàtọ̀, nítorí omi gbígbóná tí a kàn dà lé wọn kò lè wọ inú wọn. Ẹ gé wọn wẹ́wẹ́, ẹ rẹ wọ́n sínú omi tútù fún wákàtí kan, kí ẹ tó gbé wọn kaná. Kí iná kékeré máa jó lábẹ́ wọn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ìkòkò sì ní ọmọrí.

Ọ̀nà kẹta ni gbígbo, bí a ti ń ṣe fún ewúro: a ó fi ọwọ́ gbo ewé nínú omi tútù títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, a ó sì fún un. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fojú kéré ọ̀nà yìí, bí ẹni pé ohun tí iná kò bá kàn kò lè jẹ́ oògùn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ obìnrin kan, Tu Youyou, ń wá oògùn ibà nínú ewé kan tí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ti ń lò láti ayébáyé, ṣùgbọ́n agbára ewé náà kò dúró sójú kan: ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, kì í ṣiṣẹ́ lọ́la. Ó padà sídìí àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan tó ti lé ní ọdún 1,600, ó sì rí i pé ṣe ni àwọn ará ìgbà náà máa ń rẹ ewé náà sómi, tí wọ́n sì ń fún omi rẹ̀ mu; wọn kì í sè é. Ó wá yé e pé iná ló ń pa oògùn inú ewé, ó sì wá ọ̀nà tí yóò fi yọ ọ́ láìsí ooru púpọ̀. Oògùn tó jáde níbẹ̀, artemisinin, ni wọ́n fi ń ṣe àwọn oògùn ibà tí à ń rà ní ilé oògùn lónìí, Tu Youyou sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2015. Ewé kò yí padà o. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló yí padà.

Ní ti òdiwọ̀n, bí mi ò bá sọ iye mìíràn, ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan ewé tútù sí ife omi 2. Bí ewé bá ti gbẹ, ìdajì ẹ̀kúnwọ́ ti tó, nítorí omi ara rẹ̀ ti lọ, agbára rẹ̀ sì ti ki. Ìkòkò amọ̀, ìkòkò tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, nítorí ohun kíkan àti ohun kíkorò a máa jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù, ohun tó bá sì jẹ lára rẹ̀ yóò bọ́ sínú àgbo. Ewé kan ṣoṣo ni kí ẹ sì máa lò lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé èyí kò bá àṣà ọ̀pọ̀ ilé mu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá po ewé méje pọ̀, tí ara aláìsàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lálẹ́, èwo nínú méje ni ẹ ó dá lẹ́bi?

Efinrin fún inú tó ń run tàbí tó kún

1. Ní àárọ̀, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, ẹ já nǹkan bí ewé 15 tó ti gbó díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì máa pọ́n.

2. Ẹ ṣan ewé náà nínú omi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí omi kejì ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, kí ewé sì wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí kòkòrò tó fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀.

3. Ẹ fi ọwọ́ ya ewé náà sí wẹ́wẹ́ sínú ife ńlá tó ní ọmọrí.

4. Ẹ da ife omi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e, ẹ dé e lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì ṣí i títí ìṣẹ́jú 10 yóò fi pé. Omi tó bá lẹ̀ mọ́ inú ọmọrí, ẹ gbọ̀n ọ́n padà sínú ife, nítorí epo efinrin wà nínú rẹ̀.

5. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Kí àgbàlagbà mu ìdajì lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó sì mu ìdajì tó kù lálẹ́.

Àwọn kan fẹ́ràn láti fi iyọ̀ gbo efinrin mu ní tútù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ó bá jẹ́ omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù ni ẹ fi gbo ó. Bí ó bá jẹ́ omi kànga tí ẹ kò sè, ohun tó ń run inú yín lè jẹ́ omi náà gan-an. Ọjọ́ méjì ni mo máa ń fún efinrin. Inú rírun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tó dúró sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn, tàbí tí ikùn le bí pátákó, ọ̀rọ̀ dókítà ni, kí ẹ má sì fi nǹkan kan sẹ́nu kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn

Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá gbalẹ̀ tí ọ̀fun gbogbo ilé sì ń yún, atalẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹ mú atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láì bó èèpo rẹ̀, ẹ sè é nínú ife omi 2 fún ìṣẹ́jú 15 lórí iná kékeré. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó fún ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú ṣíbí oyin kan. Ìdí tí a kò fi ń gbé oyin àti ọsàn kaná ni pé òórùn oyin yóò lọ, fítámì inú ọsàn náà yóò sì dín kù. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́. Kì í ṣe ohun tí à ń dá dé ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fi oyin sẹ́nu rárá, ì báà jẹ́ oyin ìgàn tí ẹ fi ojú ara yín rí. Hóró kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú oyin, èyí tí inú àgbàlagbà lè ṣẹ́gun ṣùgbọ́n tó lè hù nínú ìfun ọmọ ìkókó, tí yóò sì tú májèlé síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe fi aṣọ bo orí ọmọdé lórí omi gbígbóná nítorí ọ̀fìnkìn. Ọmọ tí omi bẹ́ẹ̀ dànù sí lára kì í ṣe ohun tí ilé ń gbàgbé. Ikọ́ tó bá pé ọ̀sẹ̀ 2 ti kúrò ní ti atalẹ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ fée ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru

Ẹ má tíì ronú kan ewé. Ohun tó ń pa ọmọ nínú ìgbẹ́ gbuuru ni omi ara tó ń tán, omi náà sì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá padà. Bí kò bá sí ìyẹ̀fun omi iyọ̀ oníṣúgà (ORS) tó máa ń wà nínú ọ̀rá ní ilé oògùn, ẹ po tiyín: omi mímọ́ lítà 1, èyí tó jẹ́ píọ wọ́tà alámì 50cl méjì, ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6, àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Kí orí ṣíbí tẹ́jú, kó má ṣe ga bí òkìtì. Kí ẹ tó fún ọmọ, ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu ju ìgbẹ́ náà lọ, nítorí náà bí ó bá níyọ̀ jù, ẹ dà á nù, kí ẹ sì po òmíràn. Ṣíbí ṣíbí ni kí ẹ máa fún un, léraléra, èyí tó bá sì kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Ọmọ tó ń mu ọmú kò gbọdọ̀ dáwọ́ ọmú dúró. Ẹ bèèrè oògùn síǹkì ní ilé ìwòsàn, èyí tí ọmọ yóò lò fún ọjọ́ 10 sí 14.

Fún àgbàlagbà, ewé gúáfà lè tẹ̀ lé e. Ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé mẹ́jọ, ife omi 2, ìṣẹ́jú 10 lórí iná; ìdajì ife láàárọ̀, ìdajì ife lálẹ́. Ohun tó ń mú ẹnu gan nínú rẹ̀ náà ló ń mú ìfun dákẹ́, nítorí èyí, ní kété tí ìgbẹ́ bá ti ń ki, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àìlèyàgbẹ́ ni ẹ ó tún máa wá oògùn fún.

Ibà àti ìkòkò dongoyárò

Mo mọ̀ pé orí yìí ni àwọn kan ti ń dúró dè mí. Dongoyárò, ewé ìbẹ́pẹ, èèpo màngòrò, koríko ọba, ọsàn wẹ́wẹ́: èyí ni àgbo ibà tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ti àwọn baba ńlá wa. Àwọn baba ńlá tí wọ́n jìnnà kò mọ dongoyárò o. Láti ilẹ̀ Íńdíà ni igi náà ti wá, ọ̀rúndún tó kọjá ni ó tàn ká Nàìjíríà, Hausa ni orúkọ rẹ̀. Íńdíà náà ni màngòrò ti wá, Amẹ́ríkà ni ìbẹ́pẹ ti wá. Àwọn àgbà rí ohun tuntun, wọ́n dán an wò, wọ́n sì mú èyí tó wúlò. Mo rò pé ohun tó yẹ kí àwa náà ṣe sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà, ìyẹn malaria, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, èsì ti jáde. Bí ó bá jẹ́ ibà, ẹ lo oògùn rẹ̀ tán láìku ẹyọ kan. Bí kò bá jẹ́ ibà, àgbo ibà kò ní wo ohun tí kì í ṣe ibà sàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti aláboyún kò ní àyè láti fi ọjọ́ mẹ́ta dán ewé wò, nítorí àwọn ni ibà ń pa jù. Èmi kò ní kọ òdiwọ̀n mímu dongoyárò síbí, kò sì yẹ kí epo rẹ̀ kan ẹnu ọmọ kékeré, nítorí ó ti ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá.

Ibi tí mo ti ń gbádùn dongoyárò ni ara yíyún àti ooru ara. Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ewé rẹ̀, omi lítà 4, ìṣẹ́jú 15 lórí iná. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ó tutù dáadáa, kí ẹ fi ṣan ara lẹ́yìn tí ẹ bá ti wẹ̀ tán. Kò gbọdọ̀ kan ojú.

Òrí fún gìgísẹ̀ tó là àti awọ tó gbẹ

Ẹ wọn òrí tó kún ife kan àti adín àgbọn tó jẹ́ ìdá mẹ́rin ife. Ẹ kó o sínú abọ́ tánganran, ẹ gbé abọ́ náà sínú ìkòkò omi tó ń hó díẹ̀díẹ̀, nítorí òrí tí iná bá kàn ní tààrà a máa jóná, òórùn rẹ̀ a sì bàjẹ́. Nígbà tó bá yọ́ tán, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí ó dì, kí ẹ tó dé e. Omi ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kán sínú rẹ̀. Ní alẹ́, ẹ rẹ ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ nù ún, ẹ fi òrí pa á, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. (Àwọn tó ń gé igi emi fi ṣe èédú yẹ kí wọ́n rántí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni emi fi ń dàgbà kó tó so.)

Ìpamọ́, àti àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra

Àgbo tí a sè kò gbọdọ̀ sun ju òru kan lọ. Bí ó bá ti ń yọ ìfófòó, tàbí tó kan, ó ti bàjẹ́, sísè é lẹ́ẹ̀kejì kò sì lè tún un ṣe. Ewé tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú, abẹ́ òrùlé ni kí ẹ sá a sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí oòrùn a máa gba òórùn àti àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá ń dún wọ́wọ́ lọ́wọ́, ẹ kó o sínú ìgò, ẹ lẹ orúkọ àti ọjọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì da èyí tó bá ti pé oṣù 6 nù.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, wàrà ọmú nìkan ni tirẹ̀. Bí ìyá àgbà bá tẹnu mọ́ ọn pé àgbo kò gbọdọ̀ má sí, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí ó jẹ́ ti ìwẹ̀. Kí aláboyún má mu egbòogi kankan láìsọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún rẹ̀. Ewúro a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó sì ń mu omi ewúro lójoojúmọ́ lè ṣàdédé dákú. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ máa mu atalẹ̀ àti aáyù púpọ̀, ẹlẹ́jẹ̀ ríru sì gbọ́dọ̀ yàgò fún àgbo tí a fi kaún sí. Ní ti àgbo tí a rẹ sínú ògógóró, ọtí ni wọ́n ń mu, ewé kàn bá a rìn ni.

Ọmọ tí kò lè mu nǹkan mọ́, tó ń gìrì, tí ojú rẹ̀ jìn sínú, tàbí ẹnikẹ́ni tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, tàbí tí kò tọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ já ẹ̀ka kan lára ewé tó mu, ẹ fi í sínú ọ̀rá, ẹ bu díẹ̀ nínú àgbo náà sínú ìgò, kí ẹ sì kọ iye tó mu àti àkókò tó mu ún sórí bébà. Ẹ má ṣe tijú láti fi han dókítà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bèèrè nìyẹn.